Ohùn Ọkùnrin Nínú Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgbàrà-Odò, kò sí ohun ìṣeré kankan tó lẹ́nu. Àwa la lẹ́nu, àwa náà la sì ń yá wọn lò. Bí mo bá fi ṣùkù àgbàdo ṣe ọmọ, tí mo fi irun àgbàdo ṣe irun fún un, tí mo wá fi àkísà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, èmi ni mo máa sunkún fún un, èmi náà ni mo máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a fi agolo sàdín ṣe mọ́tò, a gé sílípáàsì tó ti já ṣe táyà, a so okùn mọ́ ọn, a sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ ké bíi mọ́tò akẹ́rù tó ń gun òkè, títí itọ́ yóò fi máa ta sí wa lára. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Kò sẹ́ni tó rà á fún wa. Bí ó bá bàjẹ́ láàárọ̀, a ti ṣe òmíràn kó tó di ọ̀sán.

Ilé wa kún. Bàbá mi, ìyá mi, àbúrò bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀, àwa ọmọ, àti àwọn ọmọ ará oko tí wọ́n wá kàwé nílùú, abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wa wà. Bí o bá fẹ́ dá wà, àfi kó o lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Níbẹ̀ náà, ẹnì kan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní kó o ṣe kíá. Mo máa ń gbàdúrà nígbà náà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí èmi náà ní yàrá tèmi lọ́jọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹsẹ̀ kàn mí lójú oorun. Ọlọ́run ti gbọ́. Mo ní yàrá mẹ́rin báyìí.

Ní àsìkò kòkó, iṣẹ́ àwa ọmọdé ni ká máa yí kòkó tí wọ́n sá. Òórùn kíkan rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wa, a máa ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. A sì máa ń lá omi dídùn ara hóró kòkó tútù títí ahọ́n wa yóò fi le. Bí òjò bá ṣú, ìyá mi á ké, gbogbo wa á sáré, ẹni tó ń jẹun á ju òkèlè sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò mi ń dáná eré lẹ́yìnkùlé, à ń fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ ẹ̀bà nínú agolo mílíìkì, a ò sì gbọ́ igbe. Òjò pa kòkó. Ìyá mi ní ká kúnlẹ̀ níwájú kòkó náà, ká gbé ọwọ́ sókè, ká máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Àwa náà ń bẹ kòkó! Bàbá mi ń kọjá lọ, ó wò wá, ó wo kòkó, ó ní, "Ṣé ó ti gbà?" Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Odó ni ó máa ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Tiwa yóò bẹ̀rẹ̀, ti ilé kejì yóò dá a lóhùn, títí gbogbo àdúgbò yóò fi máa mì. Ṣùgbọ́n iyán kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, nítorí oko ni gbogbo èèyàn wà lọ́sàn-án. Nítorí náà, bí odó bá ń dún nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, kò ju ọ̀kan nínú ohun méjì lọ: àlejò ti wọlé, tàbí ọmọ ilé ti ti ọ̀nà jíjìn dé. A kì í béèrè. Àwa ọmọdé á kàn tẹ̀ lé ìró odó náà dé ilé tó ti ń dún, a ó jókòó sí ìtòsí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn àgbà máa ń sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ní tiwa, iyán ọ̀sán ni ìròyìn.

Mo ti dàgbà o. Ìkẹ́rẹ́ ni mo lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń kọ́ni ní iléèwé girama. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, ọmọbìnrin, Ìníolúwa lorúkọ rẹ̀, a ń pè é ní Ìní. Ìyá ọkọ mi, tí èmi náà ń pè ní Màmá, ló jẹ́ ẹnì kẹta wa nínú ilé. Ọkọ mi mọ fẹ́ǹsì yí wa ká, ó ga dáadáa, ó fi géètì sí i. Àwọn ọmọ ilé kejì wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n bá ń jà, ṣùgbọ́n àwọn náà ní fẹ́ǹsì tiwọn. Bí wọ́n bá ti iléèwé dé, ó di ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti ibẹ̀ dé, ó di oorun.

Ohun tí Ìní ní lọ́pọ̀ yanturu ni ọmọlangidi tó ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n o, jagunjagun ni wọ́n. Oníke ni wọ́n, apá wọn ń ká, ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ́, bọ́tìnì wà láyà wọn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ojú wọn á tàn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ Òyìnbó. Bàbá rẹ̀ ló ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ìgbàkígbà tí kò bá lè wálé, á fi ọ̀kan rán awakọ̀, nítorí náà, ẹ lè fi ojú inú wò ó bí wọ́n ti pọ̀ tó.

Èmi ò fẹ́ràn wọn. Kí n má purọ́. Wọ́n ti gún mi lẹ́sẹ̀ nínú òkùnkùn, mo ti rí ọ̀kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ rí, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń kú lọ nínú omi ilá. Ọ̀kan pupa kékeré kan wà tó ní ohùn bíi ti eku. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Màmá ń gbàdúrà ìdílé, ó ní, "Jésù, máa ṣíwájú wa." Ìní ti jókòó lé nǹkan náà láìmọ̀. Ẹni pupa yìí dá a lóhùn lábẹ́ ìdí rẹ̀ lédè Òyìnbó pé, "Ẹ tẹ̀ lé mi!" Màmá kò la ojú. Ó ní, "Ẹni tí mo pè kọ́ nìyẹn," ó sì ń bá àdúrà lọ.

Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìní nígbà mìíràn, kí n máa wò ó. Á to àwọn jagunjagun rẹ̀ yíká bí ẹni tó fẹ́ ṣèpàdé. Á tẹ èyí, èyí á sọ̀rọ̀. Á dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Á tún tẹ òmíràn. Bí mo bá wọlé, tí mo ní kí àwa méjèèjì jọ ṣe súwè ní ìta, á wò mí bí ẹni tó ń ṣe oore fún mi, á bá mi fò lẹ́ẹ̀kan, á sì padà. Ohun tó ń dùn mí kò ju pé n kò mọ ohun tí wọ́n fún un tí èmi kò lè fún un. Mo ń jowú ike.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ èdè náà níbí, nítorí òun ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ló pa á láṣẹ pé Òyìnbó ni kí a máa sọ sí ọmọ, kó má bàa kù lẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí inú bá bí mi, Yorùbá ni mo fi ń bá a wí. Màmá ní tirẹ̀, èdè Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀, òun ló ń sọ. Ulé ni ó ń pe ilé, uṣu ni ó ń pe iṣu, aba ni ó ń pe bàbá. Ìní gbọ́ ọ yékéyéké, Òyìnbó ló sì fi ń dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì gbọ́ra wọn yé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é n kò mọ̀. Òyìnbó tí Màmá gbọ́ kò ju "kọ́ọ̀mù" àti "gó" lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fi fóònù bá Ìní sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Màmá máa ń sún mọ́ tòsí, á gbé etí sí i, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà tó ń bá ọmọ yẹn sọ Òyìnbó nínú ilé wa.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ti ṣèlérí pé òun yóò wálé fún ọdún Àjíǹde. Màmá ti yan iṣu sọ́tọ̀, ó kó o sí ìdí ògiri lẹ́yìnkùlé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìní ya àwòrán àwa mẹ́rin, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Àjíǹde dé, ọkọ mi kò dé. Iṣẹ́ pọ̀, ó ní ọ̀gá òun kò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi páálí kan ránṣẹ́. Èmi ni mo lọ gbà á ní gáréèjì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbé e fún Ìní, torí pé wọn kò tíì wọlé ẹ̀kọ́, àwa olùkọ́ nìkan ni a ní ìpàdé. Mo ní kó má yọ Màmá lẹ́nu, mo jáde.

Ọ̀sán gangan ni mo padà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lójú títì, mo ń bọ̀ lẹ́sẹ̀, bàtà ń há mi. N kò tíì dé géètì tí mo fi gbọ́ ọ. Odó ń dún. Mo rò pé ilé kejì ni. Mo tún tẹ́tí. Ilé wa ni. A ti dojú odó náà dé láti ìgbà tí dókítà ti ní kí Màmá má gún iyán mọ́, póńdò, iyán oníyẹ̀fun, ni a ń rò láti ìgbà náà. Odó ń dún lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́!

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, mo fi etí gèlè nu ojú mi, mo tún bùláósì mi tò. Èmi, obìnrin àgbà, tí àwọn ọmọ iléèwé ń sá fún. Mo wo ilẹ̀ bóyá mo máa rí ipa táyà. Bí mo ti ń wò ó ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin láti ojú fèrèsé pálọ̀, ohùn tó ki, tó balẹ̀, ó ń sọ fún ọmọ mi lédè Òyìnbó pé, "Mo ti dé!" Ìní sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tèmi, èmi ni mo gbé páálí yẹn wálé fúnra mi. Síbẹ̀, mo gbà á gbọ́. Mo fi eré wọlé.

Kò sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìní jókòó sí ilẹ̀ pálọ̀. Níwájú rẹ̀ ni jagunjagun tuntun kan wà, aláwọ̀ ewé, ó tóbi ju àwọn tó kù lọ, kò sì ní ohùn eku. Ìní ní Kọ́mándà lorúkọ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbọ́. "Mo ti dé!" ni Kọ́mándà wí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹ dúró, mo ń bọ̀!"

Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá ti so ìró mọ́ àyà, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń gún iyán pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ìbàdí tó ń dùn ún mú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo ojú mi.

"O ti dé? Bá mi bu omi sí ọbẹ̀ kó má jóná. Ṣé ó ti wẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti rí i?"

"N kò tíì wọlé. Jẹ́ kí òun àti ọmọ rẹ̀ ṣeré ná, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Bí mo bá wọlé, èmi ni yóò máa kí." Ó gbé ọmọ odó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ta ló tún ń bá ọmọ yìí sọ Òyìnbó nínú ulé yìí, bí kì í bá ṣe aba rẹ̀?"

Mo padà lọ mú Kọ́mándà, mo gbé e wá, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níwájú rẹ̀, mo sì túmọ̀ ohun tó ń sọ fún un. Màmá gbọ́ ọ. Ó wo nǹkan náà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, mo ti ń wá ẹ̀rín tí n ó fi bá a rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọmọ odó ti ògiri, ó bomi sí ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyán náà sínú abọ́, ó ń fọwọ́ pa á lára kó lè dán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é fún àlejò.

Ó ní, "Uṣu ti jinná, a sì ti gún un. Kó abọ́ wá."

Àwa mẹ́ta la jókòó ti iyán náà. Ó kúnná, kò ní kókó kan. Màmá ní bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ó ń sọ ọ́ fún wa ni, ṣùgbọ́n òun kò jẹ ju òkèlè kan lọ. Ìní gbé Kọ́mándà lé orí tábìlì. Ó ti ń wo ojú ìyá àgbà rẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́, kò mọ èwo. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, pé, "Gíráńmà, kò yẹ kí ẹ rò pé Dádì ni. Dádì kì í sọ pé mo ti dé. Mo ń bọ̀ ni Dádì máa ń sọ."

Mo dìde, mo lọ bu omi wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù dún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo gbé e sórí sípíkà. Ọkọ mi bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun, ó bi í nípa iṣẹ́ iléèwé, ó ní kó máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ìní dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ti ń mì sí ìbéèrè tó kàn kí bàbá rẹ̀ tó béèrè. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ó yẹ kí òun dúpẹ́ ẹ̀bùn. Kò dúpẹ́ lẹ́nu. Ó gbé Kọ́mándà sún mọ́ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ láyà.

"Mo ti dé!"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí n kò ti gbọ́ èdè Ìkẹ́rẹ́ lẹ́nu ọkọ mi? Òyìnbó fò lọ. Ó pariwo, "Ta nìyẹn? Ta ni ọkùnrin tó wà nínú ulé mi?"

Ojú Ìní là. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi ti ìyá àgbà rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Ẹni tó wálé ni," ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

Mo sáré ṣàlàyé pé ohun ìṣeré tó fi ránṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, à ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti Àbújá. Ó wá ní, "Màmá, mo ń bọ̀."

Màmá wo Kọ́mándà, ó ní, "Èyí náà ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ fọ odó.

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Owó ń wọlé, fóònù ń dún lójoojúmọ́, aṣọ ọmọ kì í gbó. Bàbá tèmi kò ra ohun ìṣeré kan fún mi rí láyé, kò bi mí rí bí mo bá ti jẹun, kò mọ kíláàsì tí mo wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dì mí lójú títí di òní, tí ẹ kó gbogbo ọkùnrin Ìgbàrà-Odò jọ, tí ẹ ní kí wọ́n máa họ ọ̀fun lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó fi ìka tọ́ka sí bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ nínú sàréè. Nígbà tiwa, ariwo ń pa wá, a ń wá ibi tí a ó dákẹ́ sí. Lónìí, èmi ni mò ń tẹ bọ́tìnì àyà àwọn nǹkan wọ̀nyí fúnra mi nígbà tí Ìní bá ti lọ sí iléèwé, tí Màmá sì ń sùn, kí ilé má bàa dákẹ́ jù. Bí ẹ bá di ọmọ mi lójú, tí ẹ ní kó mú bàbá rẹ̀ nínú ohùn méjì, ẹ̀rù ń bà mí láti mọ èyí tó máa mú.